Ta Ni Ó Ń Sọkún Nílé?

Ẹni méjì ni mo fẹ́ bá jiyàn nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwọn méjèèjì sì jẹ́ ẹni ọ̀wọ̀ lójú mi. Èkíní ni olùkọ́ tí ó máa ń gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ ilé-ìwé, tí ó ń tì í mọ́ inú àpótí, tí ó sì ń wí pé ìtàn ìfẹ́ ayé mìíràn tí ọmọ náà ń kà lórí rẹ̀ yóò sọ ọ́ di aláìlérò. Èkejì ni olùkọ́ tí ó jókòó sí tábìlì tí ó tẹ̀lé e, tí ó ń dáhùn pé, "Ẹ jẹ́ kí ó máa kà á. Ìwé ni ìwé í jẹ́. Ọmọ tí ó bá lè ka ẹgbẹ̀rún orí nínú ìtàn kan kì í ṣe ọ̀lẹ." Èkíní kò ka ìtàn náà rí. Èkejì kò kà á rí pẹ̀lú. Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí wà nínú àpótí láàárín wọn, kò sì sí ẹni tí ó ṣí i wò.

Èmi ṣí i wò. Ó lé ní ọdún mẹ́ta tí mo ti ń ka àwọn ìtàn wọ̀nyí ní alẹ́, nígbà tí mo bá ti parí ìmúrasílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ọjọ́ kejì, nítorí kò tọ́ kí ènìyàn dá ẹjọ́ ẹni tí kò gbọ́ tẹnu rẹ̀. Mo gbádùn púpọ̀ nínú wọn. Bí mo ti gbádùn wọn tó náà, mo fẹ́ fi ẹ̀sùn kan wọ́n, ẹ̀sùn náà kì í sì í ṣe èyí tí alàgbà èkíní fi ń kàn wọ́n.

Fún àǹfààní ẹni tí kò bá tíì bá irú wọn pàdé, báyìí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe máa ń lọ. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan wà ní ìlú ńlá kan ní Jàpáánù tàbí ní Kòríà. Iṣẹ́ ọ́fíìsì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á; kò rí oorun sùn, kò sì ní ọ̀rẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, bí ó ti ń sọdá títì, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan gbá a, ó sì kú. Gbogbo èyí kò gbà ju ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Nígbà tí ó la ojú, ó bá ara rẹ̀ lórí ibùsùn olówó iyebíye ní ayé mìíràn, nínú ara ọmọ ìjòyè kan, ìránṣẹ́bìnrin sì gbé tíì wá fún un. Ọmọ ọba kan wà níbẹ̀ tí ojú rẹ̀ le sí gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n tí ó rọ̀ sí obìnrin yìí nìkan. Obìnrin náà dá oko ewébẹ̀ sílẹ̀, tàbí kí ó ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí ó ti ń ta búrẹ́dì tàbí àgbo. Òjò a máa rọ̀ lóde, iná a máa jó nínú ààrò, ológbò a sì máa sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ibi kan bá bẹ̀rẹ̀ ní orí 40, yóò ti parí kí a tó dé orí 42.

Jàpáánù ni irú ìtàn yìí ti gbilẹ̀ jù lọ. Ní 2004 ni a dá ojúlé kan sílẹ̀ níbẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Shōsetsuka ni Narō, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kọ ìtàn kí ẹnikẹ́ni sì kà á láìsan kọ́bọ̀. Àwọn ará Kòríà àti Ṣáínà ní tiwọn pẹ̀lú. Wattpad bẹ̀rẹ̀ ní Toronto ní ilẹ̀ Kánádà ní 2006. Ní 2021 ni ilé-iṣẹ́ Naver ti Kòríà rà á ní owó tí ó tó 600 mílíọ̀nù dọ́là, kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe eré ọmọdé ni àwọn tí ó ni ín ń ṣe. Webnovel ti àwọn ará Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ sí í kó tirẹ̀ jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 2017. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti dé inú fóònù àwọn ọmọ wa ní Ẹ̀gbẹ́dá, wọ́n sì bá ààyè púpọ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún fi ń ka ìtàn wọ̀nyí títí di agogo méjì òru, kí ó kọ́kọ́ bá a délé. Ní ìkànìyàn ọdún 2006, ìjọba àpapọ̀ ka ènìyàn 1,277,714 ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ nìkan. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sì jiyàn pé a pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wọ ilé tí àwọn yàrá rẹ̀ kọjú sí ara wọn ní àdúgbò wa kò ní í bá ìjọba Èkó jiyàn. Yàrá kan wà fún ènìyàn mẹ́fà. Jẹnẹrétọ̀ mẹ́rin ń ké lẹ́yìn fèrèsé. Ọmọbìnrin náà ti pọn omi láti agogo márùn-ún àárọ̀, ó ti wẹ àbúrò méjì, ó ti bá ìyá rẹ̀ ru ẹrù ọjà dé etí títì, ó ti há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ní ọ̀nà Ìdímù, ó sì ti gba ìbáwí ní ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé pé ó pẹ́ dé. Láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́ ni a ti ń pe orúkọ rẹ̀, kò sì sí ìpè kan nínú gbogbo rẹ̀ tí ó jẹ́ láti bi í bí ó ti sùn. Ní òru, lábẹ́ aṣọ ìbora, ó tan fóònù. Yàrá kan wà níbẹ̀ tí ó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Omi gbígbóná ti wà nínú ọpọ́n ìwẹ̀, ẹlòmíràn ni ó sì pọn ọ́n. Ọkùnrin kan jókòó níwájú rẹ̀ tí ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ìparí, láìjá a lẹ́nu.

Mo bi àwọn ọmọ kíláàsì mi léèrè pé kí ni ó dùn mọ́ wọn jù nínú àwọn ìtàn náà. Kì í ṣe ọmọ ọba ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ. Wọ́n ní búrẹ́dì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ààrò; wọ́n ní ọbẹ̀ tí a gbé wá sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn nígbà tí ara obìnrin náà kò yá. Ọmọkùnrin kan, tí a ń bá wí lójoojúmọ́ pé kò mọ nǹkan kan, sọ pé òun fẹ́ràn rẹ̀ pé ohun kékeré tí ẹni náà mọ̀ láti ayé àtijọ́ rẹ̀, bí ọṣẹ ṣíṣe, di ohun tí gbogbo ìlú ń yìn ín fún. Ìsinmi ni wọ́n ń wá, àti kí ojú ènìyàn rí wọn. Èmi kò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn, bí a bá sì rí ẹni tí ó yẹ kí a bá wí nítorí rẹ̀, kì í ṣe ọmọ náà.

Nítorí náà ọ̀rọ̀ mi sí alàgbà tí ó ń gba fóònù kò pọ̀. Ó ní irọ́ ni ìtàn náà, nítorí kò sí ayé mìíràn tí ènìyàn lè bọ́ sí báyìí. Bí a bá ní kí a sun gbogbo ìwé tí ènìyàn ti kúrò ní ayé yìí bọ́ sí òmíràn, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ni a óò kọ́kọ́ jù sínú iná, ìwé tí D. O. Fágúnwà kọ nígbà tí ó jẹ́ olùkọ́ ilé-ìwé bíi tiwa, tí ilé-ìtàwé C.M.S. sì gbé jáde ní Èkó ní 1938. Ó tún ní a gé ìtàn náà sí wẹ́wẹ́ láti fi fa ọmọ lójú. Bẹ́ẹ̀ náà ni I. B. Thomas gé ìtàn Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ sí wẹ́wẹ́ nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ní 1929 sí 1930, tí àwọn ará Èkó ń dúró dè é lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tí àwọn mìíràn tilẹ̀ gbà pé obìnrin náà wà láàyè ní tòótọ́. Ẹ jẹ́ kí alàgbà náà dá fóònù padà.

Ẹni tí mo fẹ́ bá jà gan-an ni èkejì, ẹni tí ó wí pé ìwé ni ìwé í jẹ́.

Alàgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ padà sí ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún ìbẹ̀rẹ̀ yẹn. Ọkọ̀ akẹ́rù gbá ọmọ kan, ó kú. Ara iṣẹ́ mi ni láti lọ jókòó ti àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, mo sì ti wọ ilé tí tírélà ti pa ọmọ wọn. Mo ti rí ìyá tí ó ń fi iná sínú fóònù ọmọ náà lálaalẹ́, nítorí kò fẹ́ kí ó kú mọ́ òun lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Mo ti rí bàtà ilé-ìwé tí a ti rà sílẹ̀ fún sáà tí ń bọ̀, tí àbúrò kò gbà láti wọ̀, tí a kò sì lè tà. Mo ti rí bàbá tí ó ń rojọ́ fún gbogbo ẹni tí ó wọlé pé òun ni ó rán ọmọ náà níṣẹ́. Nínú àwọn ìtàn tí mo ń sọ yìí, ilé náà kò sí. Kò sí ẹni tí ó wá gbé òkú. Kò sí ẹni tí ó pe fóònù rẹ̀ títí tí kò fi dún mọ́. Ọmọ náà ti ń mu tíì.

Àwọn òǹkọ̀wé náà mọ̀ pé ó yẹ kí ilé wà, ẹ má ṣe rò pé wọn kò mọ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sáré pa á rẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a sọ ọ́ di ọmọ òrukàn ní ìlà kejì. Bí kò bá ṣe òrukàn, àwọn òbí rẹ̀ a jẹ́ ìkà ènìyàn tí kò yẹ kí a rántí. Bí wọn kò bá sì jẹ́ ìkà, a kò ní í dárúkọ wọn rárá, òǹkàwé yóò sì tètè gbàgbé pé obìnrin ni ó bí ẹni náà. Ohun kan tún wà tí ó máa ń yà mí lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí àjèjì yìí jí nínú ara ọmọ ìjòyè, níbo ni ọmọ ìjòyè fúnra rẹ̀ lọ? Ìyá kan wà ní ayé tuntun náà tí ó ń fi ẹnu ko ẹni tí kò mọ̀ rí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí ó ń dúpẹ́ pé ara ọmọ òun ti yá. Òkú méjì ni ó sùn ní ojú ewé àkọ́kọ́, a kò sì sọkún ẹyọ kan.

Ẹ wò ó, àwọn baba wa mọ ìtàn yìí tipẹ́. Àkúdàáyà ni wọ́n ń pè é. Ọkùnrin kan kú ní ìlú rẹ̀, a sì sin ín. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ó wà ní ìlú tí ó jìnnà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n. Ó ń ṣòwò, ó níyàwó, ó bímọ, ìwà rẹ̀ sì tutù. Oníṣòwò kan láti ìlú rẹ̀ wá ná ọjà níbẹ̀, ó rí i, ó sì pe orúkọ rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọkùnrin náà ti di àwátì. Ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọ pọ̀n, ó wá ìdílé ọkọ rẹ̀ lọ, wọ́n sì mú un lọ sí ìdí ibojì. Ayé kejì tí ó tura ni ìtàn náà, ìfẹ́ wà nínú rẹ̀, ilé àti ọmọ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń sọ ọ́ fún wa? Kì í ṣe òkú náà rárá. Ẹni tí ó rí i ní ọjà ni, àti opó tí ó dúró ní ìdí ibojì tí ó ń bi wọ́n léèrè bí ó bá dá wọn lójú. Ẹsẹ̀ ẹni tí ó kù ni ìtàn Yorùbá dúró sí.

Ẹ sì wo ti àbíkú. Ọmọ tí ó ní ẹgbẹ́ ní ọ̀run, tí ó ní olólùfẹ́ níbẹ̀, tí ó ní oúnjẹ àti eré, tí ó ń padà lọ bá wọn nígbà gbogbo: kí ni èyí bí kò ṣe ìtàn ìfẹ́ ayé mìíràn? A mọ̀ nísinsìnyí pé àrùn fòníkú-fọ̀ladìde àti ibà ni ó pa púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà, n kò sì kọ èyí kí ẹnikẹ́ni lè padà sí ìgbàgbọ́ àtijọ́. Orúkọ wọn ni mo fẹ́ kí a gbọ́. Málọmọ́. Dúrójayé. Bánjókòó. Dúrósinmí. Kòsọ́kọ́, pé kò sí ọkọ́ mọ́ tí a óò fi gbẹ́ ilẹ̀; ọba kan tí ó jẹ́ ní Èkó láti 1845 sí 1851 sì jẹ́ orúkọ yìí títí ó fi wàjà. Kò sí ọ̀kan nínú orúkọ wọ̀nyí tí ó ti ẹnu arìnrìn-àjò jáde. Ohùn ìyá tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ni gbogbo wọn. Nínú èdè wa, ẹni tí ó ń lọ sí ayé tí ó dùn kò lè dá orúkọ ara rẹ̀ láìjẹ́ pé ó pe ẹkún ẹni tí ó ń fi sílẹ̀.

Àwọn òǹkọ̀wé wa náà kò gbàgbé. Nínú ìwé Fágúnwà tí mo dárúkọ, nígbà tí a wá pe Kàkó sí ìrìn-àjò Òkè Láńgbòdó, ìyàwó rẹ̀ tuntun dì mọ́ ọn pé kò gbọdọ̀ lọ. Kàkó sì pa á. Ohun búburú gbáà ni, ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé ni ó sì ti bínú sí Kàkó nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Fágúnwà kọ ọ́ sílẹ̀. Kò jẹ́ kí a rò pé ọdẹ kan lọ sínú igbó láìjẹ́ pé ẹnì kan di aṣọ rẹ̀ mú. Nínú ìwé Amos Tutuola tí ó jáde ní 1954, My Life in the Bush of Ghosts, ọmọ ọdún méje kan sọnù sínú igbó iwin fún ọdún mẹ́rìnlélógún. Ó fẹ́ obìnrin arẹwà kan níbẹ̀, ilé obìnrin náà dára, oúnjẹ rẹ̀ dùn, ó sì bí ọmọkùnrin kan fún un. Ẹni tí ó bá ń wá ìtàn ìfẹ́ ayé mìíràn, ohun tí ó ń wá nìyẹn, ará Abẹ́òkúta ni ó sì kọ ọ́. Síbẹ̀ ọkùnrin náà kò yé wá ọ̀nà ilé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nígbà tí ó dé, a mú un lẹ́rú, a sì tà á, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an ni ó sì di olówó rẹ̀ kí wọ́n tó mọ ara wọn. Ní 1991 ni Ben Okri gbé The Famished Road jáde, ìwé tí ó gba ẹ̀bùn Booker ní ọdún náà. Àbíkú ni Azaro tí ó ń sọ ìtàn inú rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, ayé wọn sì dùn, ṣùgbọ́n ó yàn láti dúró, ara ìdí rẹ̀ sì ni pé ó fẹ́ mú inú obìnrin tí yóò di ìyá rẹ̀ dùn, ẹni tí ìyà ti sàmì sí lójú.

Ẹnì kan lè wí pé mo ń fi ilẹ̀ wa yangàn lórí àwọn ará Ìlà-oòrùn. Rárá o. Àwọn ará Jàpáánù fúnra wọn ní ìtàn apẹja kan, Urashima Tarō, tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ ti wà láti ọ̀rúndún kẹjọ. Ó bá ọmọbìnrin ọba inú òkun gbé nínú ààfin fún ọdún mẹ́ta pẹ̀lú ìgbádùn. Àárò ilé sọ ọ́, ó padà, ó sì rí i pé nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún ti kọjá. Ìyá àti bàbá rẹ̀ ti kú tipẹ́, ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n. Ó ṣí àpótí tí aya rẹ̀ fún un, ó sì di arúgbó lójú ẹsẹ̀. Àwọn baba ńlá wọn mọ iye tí ayé mìíràn ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Àwọn ọmọ ni ó yọ owó náà kúrò nínú ìwé ìṣirò.

Kì í sì í ṣe gbogbo wọn. Ìtàn kan wà tí ó gbajúmọ̀ púpọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọmọbìnrin, My Next Life as a Villainess, tí Satoru Yamaguchi kọ, tí a tẹ̀ di ìwé ní 2015. Ọmọ ilé-ìwé kan kú, ó di Katarina, ọmọ ìjòyè, ó ń gbin ewébẹ̀, gbogbo ènìyàn sì fẹ́ràn rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ń kà á. Ọ̀rẹ́ kan wà ní ayé àkọ́kọ́ tí ó sọkún rẹ̀ gidigidi. Kí ni òǹkọ̀wé ṣe? Ó mú ọ̀rẹ́ náà wá sí ayé kejì pẹ̀lú, ní ara ọ̀rẹ́ mìíràn, kí ẹkún náà lè tán. Ọwọ́ rẹ̀ dán, ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ohun tí ó ṣe: a kó aṣọ̀fọ̀ wọ ọkọ̀ kí ilé ọ̀fọ̀ lè ṣófo.

Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ascendance of a Bookworm ti Miya Kazuki, tí ó jáde lórí ojúlé Jàpáánù yẹn láti 2013 títí di 2017, èyí tí mo ń fi tayọ̀tayọ̀ yá ẹnikẹ́ni tí ó bá béèrè. Urano fẹ́ràn ìwé ju ènìyàn lọ. Ilẹ̀ mì, ìwé wó lù ú, ó kú. Ó jí nínú ara Myne, ọmọ ọdún márùn-ún, aláìlera, ọmọ sójà tálákà kan, ní ìlú tí ẹni bíi tirẹ̀ kò lè ní ìwé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí a ti ń ṣe pépà, bí a ti ń po táńdà, bí a ti ń tẹ ìwé. (Ẹni tí ó bá ti gbọ́ nípa Townsend àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, níbi tí Ìwé Ìròhìn ti jáde ní 1859, yóò gbádùn apá yìí ju àwọn ìyókù lọ.) Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin aládùúgbò kan, Lutz, fura sí i pé ẹni yìí kì í ṣe Myne tí òun mọ̀, ó sì bi í níbi tí ó ti gbé e lọ. Ó ní kí ó dá a padà. Nígbà tí ó ṣe, a fi ẹ̀rọ agbára kan wo inú ìrántí rẹ̀, obìnrin náà rí ìyá tí ó fi sílẹ̀ ní Jàpáánù, ẹni tí kò kà sí nígbà tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú omijé. Láti ọjọ́ náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn àwọn òbí tuntun rẹ̀ ní tòótọ́, nígbà tí a sì fi agbára yà á kúrò lọ́dọ̀ wọn, ó dun òǹkàwé dé egungun. Tíì ṣì wà nínú ìtàn náà. Ìtura ṣì wà níbẹ̀. Kò sí ohun dídùn kan tí ó sọnù nítorí pé a jẹ́ kí ìyá kan sọkún. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún mi pé bí irú ìtàn yìí ti gbọ́dọ̀ rí nìyẹn.

Èéṣe tí àwọn yòókù kò fi ṣe bẹ́ẹ̀? Owó wà nínú rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ ojúlé, àwọn orí àkọ́kọ́ a jẹ́ ọ̀fẹ́, lẹ́yìn náà a ó ti ìlẹ̀kùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ̀síwájú yóò fi náírà gidi ra owó ẹyọ ti ojúlé náà, tàbí kí ó wo ìpolówó ọjà, tàbí kí ó dúró di ọ̀la. Bí òǹkàwé bá ti ń ṣílẹ̀kùn ni òǹkọ̀wé ń jẹun. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ pé akọni òun padà sílé ti ti ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀ pa. Sẹ̀gilọlá lè parí nítorí pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ti ń sọ̀rọ̀ láti orí ibùsùn àìsàn, gbogbo Èkó sì mọ ibi tí ó ń lọ. Èyí tí a ń tà ní orí kọ̀ọ̀kan láìlópin kò gbọdọ̀ ní ilé tí ènìyàn yóò padà sí. Àwọn àgbà wa wí pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Àwọn olówó ojúlé rí i pé bí a bá pa ilé rẹ́, àjò yóò máa dùn títí láé, owó yóò sì máa wọlé.

Alàgbà èkejì yóò rẹ́rìn-ín. Yóò ní eré ni, pé kò sí ọmọ tí yóò gbàgbé ìyá rẹ̀ nítorí ìtàn. Mo ní kí àwọn ọmọ kíláàsì kan kọ àròkọ ní sáà tí ó kọjá: "Mo la ojú, mo sì bá ara mi ní ayé mìíràn." Iṣẹ́ wọn dára púpọ̀. Wọ́n mọ àwọ̀ aṣọ ojú fèrèsé, wọ́n mọ bí bàtà ọmọ ọba ti ń dún lórí òkúta. Díẹ̀ péré nínú wọn ni ó bèèrè ilé. Ọ̀kan, tí mo mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ń fi ẹ̀wà títà san owó ìwé rẹ̀, kọ ọ́ gbọnmọgbọnmọ pé, "N kò ní ẹnikẹ́ni ní ayé tí mo ti wá." Ìyá rẹ̀ ni ó ra kálámù tí ó fi kọ ọ́. N kò rò pé ó kórìíra ìyá rẹ̀. Ó ti kọ́ bí a ti ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn ni, bẹ́ẹ̀ ni a sì ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. (Bí ọmọ kan bá sì kọ ọ́ pé òun fẹ́ kí ọkọ̀ gbá òun kí òun lè dé ibẹ̀, kí olùkọ́ má ṣe fi rẹ́rìn-ín, kí ó pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní ọjọ́ náà gan-an, kí ó sì gbọ́ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ lítíréṣọ̀ mọ́.)

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí ó ti kan àwọn ará Tokyo lọ, nítorí ìlọ ni ìlú wa ń lọ. Èdè wa ni ó bí "jápa" tí gbogbo Nàìjíríà ń sọ. Ṣàṣà ni òpópónà ní Ẹ̀gbẹ́dá tí kò sí ilé kan tí ọmọ rẹ̀ wà ní Kánádà tàbí ní Ìlú Ọba. Èmi kò bú ẹni tí ó lọ. Ó ń pe ilé ní ọjọ́ Àìkú, ó ń bi ìyá rẹ̀ léèrè bí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ti kù sí, nígbà mìíràn ó sì ń pa fóònù kí ó tó sọkún. Ó mọ ẹni tí ó fi sílẹ̀. Ọmọ tí ó ti ka ẹgbẹ̀rún orí ìtàn ìlọ láìrí ẹnì kan tí ó juwọ́ sí arìnrìn-àjò láti ẹnu ọ̀nà, a kò tíì sọ gbogbo ohun tí ìlọ jẹ́ fún un, ó sì ṣeé ṣe kí òun náà lọ lọ́jọ́ kan.

Nítorí náà kí àwọn alàgbà mi méjèèjì dán èyí wò. Kí ọmọ náà ka orí àkọ́kọ́ ìtàn rẹ̀ sókè fún kíláàsì. Nígbà tí ó bá dé ibi tí ọkọ̀ gbá ọmọbìnrin náà, kí olùkọ́ dá a dúró, kí ó sì ní kí olúkúlùkù kọ ojú ewé kan, ní èdè Yorùbá, nípa ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní títì náà lẹ́yìn tí obìnrin náà ti lọ. Àwọn tèmi ti ṣe é. Ọ̀kan kọ nípa awakọ̀, bí ó ti jókòó sí etí títì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e. Ọ̀kan kọ nípa ọ̀gá ọ́fíìsì tí ó ń pe fóònù rẹ̀ láti bá a wí pé ó pẹ́. Ọ̀kan kọ nípa àbúrò tí a ní kí ó bu oúnjẹ alẹ́, tí ó sì bu abọ́ mẹ́fà. Bí ẹnì kan nínú àwọn tí ń ka èyí bá sì lè kọ odindi ìtàn bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ wa, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi abọ́ kẹfà yẹn; kí ó fi ọmọ ọba sí i, kí ó fi ológbò àti ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì sí i bí ó bá wù ú, n óò kà á.